Àpò Iyanrìn Aránṣọ

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti bá a pàdé, ìdí rẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin rẹ̀ nísàlẹ̀. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fèrèsé kan ló wà níbẹ̀, àti tábìlì kan, àga méjì, pẹ̀lú dígí gígùn tó ti là ní igun.

Kì í ṣe torí pé aṣọ rẹ̀ lẹ́wà ni àwọn èèyàn ṣe ń wá a. Aṣọ tó lẹ́wà pọ̀ nígboro. Ohun tó ń gbé wọn wá ni pé ó mọ bí a ti ń bo àbùkù. Olùkọ́ kan wà tí èjìká rẹ̀ ọ̀tún rẹlẹ̀ ju tòsì lọ. Ìyàwó mi ki àkísà sínú èjìká kóòtù rẹ̀, ọkùnrin náà sì dúró gbọnrangandan bí òpó. Obìnrin kan ní ikùn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó mi ká aṣọ lé ara wọn níwájú rẹ̀, ikùn di àwátì. Bí wọ́n bá ti jáde, á yíjú sí mi, á rẹ́rìn-ín.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ rí i? Ọlọ́run dá a tán, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún aránṣọ."

Iṣẹ́ yìí kan náà ló fẹ́ kó bá a.

Ó ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, n kò gbọ́. Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní òun ń sinmi. Mo bi í pé ta ló ń sinmi ní balùwẹ̀. Ó ní kí n má bínú, kí n fa òun sókè. Ìpá ni mo ní, dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ fa ohun tó wúwo. Mo fà á. Kò gbéra. Mo tún fà á, ìsàlẹ̀ ikùn mi ta mí bí abẹ́rẹ́. Nígbà tó pẹ́, a rí i ṣe. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ojú àkọ́bí wa obìnrin mú bí ojú àṣá. Ó wá kí wa láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, ó rí bí ìyá rẹ̀ ti ń wọ́sẹ̀.

"Ìyá mi, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Tábìlì ló gbá mi."

"Tábìlì ti wá ń rìn káàkiri báyìí, ó ń gbá èèyàn? Bàbá, ẹ bá mi sọ òótọ́."

Mo wo ìyàwó mi. Ó ń wo ilẹ̀. Mo sọ òótọ́.

Ọmọ náà kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó ní òun àti àbúrò òun ọkùnrin ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Yàrá kan ṣófo nílé òun, ibẹ̀ ni ìyá yóò máa gbé. Yàrá kan wà nílé àbúrò òun, ibẹ̀ ni èmi yóò máa gbé. Ìlú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ọ̀nà wọn kò sì papọ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò lè máa dá gbé mọ́," ló wí. "Tí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì ò lè gbé e."

"Ìgbéyàwó tí ikú ò tíì tú," ni ìyàwó mi dá a lóhùn, "ìwọ lo fẹ́ wá tú u?"

Omi bọ́ lójú ọmọ náà. Ó nu ún. "Ó dáa. Mo máa padà wá tí òjò bá ti dá. Ẹ máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, ẹ máa dìde láìsí ẹni tó fà yín. Tẹ́ ẹ bá dìde, n ò ní sọ ọ́ mọ́. Tẹ́ ò bá lè dìde, ẹ máa tẹ̀lé mi lọ."

"Mo gbọ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí páànù orí rẹ̀ ṣì ń dán ni a ti jọ wà nínú ilé yìí. N kò mọ bí èèyàn ti ń dá jẹun.

Ilé ìwòsàn àdúgbò wa kò jìnnà. Ibẹ̀ ni a ti ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. A máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn, a ó máa sún díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi kan ilẹ̀kùn dókítà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan jáde sí wa. Ọmọdé ni, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá kan tó ń mú iṣan àgbàlagbà le, kí ẹsẹ̀ lè gbé olówó rẹ̀. Nǹkan wúwo la ó máa gbé, díẹ̀díẹ̀. Ta ló nífẹ̀ẹ́ sí i?

Oníkálukú ń wo bàtà rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́yìn títì wa, Ìyá Oníbúrẹ́dì, ló kọ́kọ́ fọhùn. "Nọ́ọ̀sì, ibi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń gbé irin wà ládùúgbò wa. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Mo ní n ò lè wá kú síbi tí wọn ò ti mọ ilé mi."

"Kì í ṣe ibẹ̀, Mà. Ibí yìí ni. Àwa tá a mọ ẹ̀jẹ̀ ríru yín la máa dúró tì yín. Dókítà ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

"Kí la máa gbé?" Bíríkìlà kan ló béèrè. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá owó nílẹ̀.

"Iyanrìn, Bàbá. A máa rọ ọ́ sínú àpò kékeré, a máa so ó mọ́ ẹsẹ̀."

"Iyanrìn!" Bíríkìlà yíjú sí gbogbo wa. "Ẹ gbà mí o. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi gbé iyanrìn. Iyanrìn ló tẹ̀ mí báyìí. Òun náà ló wá di oògùn?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Nígbà yẹn, Bàbá, ilé onílé lẹ fi ń kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé tiyín ni."

Ọwọ́ ìyàwó mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ti Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ̀lé e. Bíríkìlà náà na tirẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ rí ibi tí wọ́n máa bá a dé ni. Kí nọ́ọ̀sì tó wọlé, ọwọ́ tó wà lókè ti pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Tèmi wà nílẹ̀ nítorí ìpá mi.

Kò sí owó tí wọn yóò fi ra irin. Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó lè rán àpò, gbogbo ojú sì yí sí ìyàwó mi. Aṣọ kakí ni ó fi rán wọn. Gbogbo wọn dọ́gba, ó rán etí wọn lẹ́ẹ̀mejì kí iyanrìn má baà jò, ó fi okùn pẹlẹbẹ sí i fún síso. Bíríkìlà ló sẹ́ iyanrìn. Ó ní iyanrìn tó ní erùpẹ̀ nínú kò yẹ fún ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ fún ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, mò ń wò wọ́n. Wọ́n so àpò mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan jáde, kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì ń gbọ̀n. Bíríkìlà di àga mú, ó ń kérora. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi jáde gbọnrangandan, ó sì dúró.

"Ẹ wo Ìyá Aránṣọ!" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ìyá Aránṣọ, kí lẹ ń jẹ?" Ìyá Oníbúrẹ́dì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Òwú ni mò ń jẹ. Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ ẹ̀rọ láti kékeré, ṣé iyanrìn ló máa dá a dúró?"

Inú mi dùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé a ti bọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, nọ́ọ̀sì ní kí n bá òun kó àpò lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kò lè ṣe ìpá mi ní nǹkan. Mo mú ti ìyàwó mi lọ́wọ́ kan, mo mú ti Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́ kejì. Ọwọ́ kan lọ sílẹ̀. Èkejì kò lọ. Mo fi ìka tẹ èyí tó fúyẹ́, ti ìyàwó mi, iyanrìn wà níbẹ̀. Mo yí i padà. Lábẹ́ okùn rẹ̀, òwú pupa kan wà tí kò ju èèrà lọ. Mo yẹ àwọn yòókù wò. Kò sí òwú pupa lára wọn.

Mo tì kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ìyá wọn, kí ló wà nínú àpò rẹ?"

"Iyanrìn."

"Kí ló tún wà níbẹ̀?"

Ó bu omi fún mi. Ó jókòó. "Àkísà. Iyanrìn wà létí, àkísà wà láàárín."

"Bí èjìká kóòtù."

"Bí èjìká kóòtù, bàbá wọn."

Ó ní òun ti gbìyànjú àpò gidi nílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ òun kò kúrò nílẹ̀. Ó ní àkọ́bí wa ti gba nọ́ńbà nọ́ọ̀sì. "Tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún un pé n ò lè gbé e, ṣé ẹ rò pé ó máa dúró de ìgbà tí òjò máa dá?"

"Ọmọ yẹn ò ní kó o gbé àpò. Ó ní kó o dìde nílẹ̀ ni."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o lè dìde?"

"Ẹ jẹun. Oúnjẹ yín ń tutù."

Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ. Nọ́ọ̀sì a máa mú ìyàwó mi síwájú kí àwọn yòókù lè wò ó kọ́ṣẹ́. Ọmọ wa pè wá lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá mi, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣíwájú gbogbo wọn." Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Bí fóònù ṣe kú ni ẹ̀rín kú.

Mo ń wo àwọn yòókù. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn láìdi nǹkan kan mú. Bíríkìlà kò kérora mọ́, àwàdà ló kù. Ìyàwó mi tó ṣíwájú ṣì ń di irin àtẹ̀gùn mú. Òjò sì ń dín kù. Ilé wa ń jò ní igun kan, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo gbé garawa síbi tó ń jò, mo ní kó máa rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kó aṣọ ilé ìwé wá fún un. Aṣọ náà fẹ̀ ju tábìlì lọ. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ló máa ń tẹ́ irú rẹ̀ sí tí yóò fi gé e, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ṣubú, kò jókòó sílẹ̀ mọ́. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Mo ní ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ jù. Mo wọlé.

Ó jókòó sáàárín aṣọ, síṣọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mò ń gé aṣọ ni," ló wí.

Aṣọ náà ti gé tán.

"Dìde kí n rí ọ."

Ó kọ́kọ́ wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo ti wo nọ́ọ̀sì tó láti mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Mo ní kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi orúnkún lélẹ̀, kó gbá àga mú, kó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kù kí itan gbé e, itan kọ̀. Ó padà jókòó. Ó tún gbìyànjú, itan tún kọ̀. Òógùn bò ó. Mo ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ìpá yín ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ ká di méjì nílẹ̀ ni?"

Mo jókòó tì í kó má baà dá wà. A di méjì nílẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ ńlẹ́ onílé o! Ìyá Aránṣọ! Búláòsì mi ni mo wá gbà."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni. Ìyàwó mi di apá mi mú ṣinṣin. "Ẹ dákẹ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó máa sọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì máa sọ fún ọmọ yín."

A dákẹ́ bí olè nínú ilé ara wa.

"Mo mọ̀ pé ẹ wà nílé o. Bàtà yín méjèèjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà." Ó dúró díẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà yìí, lọ́sàn-án gangan? Kí lẹ ń ṣe tẹ́ ò fẹ́ ṣílẹ̀kùn?"

Ara ìyàwó mi ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. Lẹ́yìn náà ó di ẹkún lóòótọ́. Mo gbọ́ tí bàtà ń kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ronú pé bí èyí bá lọ, ta ló kù tó máa wá? Mo kígbe.

"Ilẹ̀kùn ò tì! Wọlé!"

Ìyàwó mi fi aṣọ ilé ìwé bojú.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wọlé, ó wò wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé pọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí tábìlì, ó wá dúró níwájú ìyàwó mi, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó na apá. "Ẹ fi orúnkún yẹn lélẹ̀. Ẹ gbá mi mú. Ẹ má fà mí o, ẹ kàn gbá mi mú." Ìyàwó mi gbá a mú, ó sì dìde. Ẹsẹ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì kò yẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́sẹ̀ yín máa ń fò bí ìyẹ́ adìyẹ," ló wí nígbà tí gbogbo wa jókòó tán. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyàwó mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, láti orí àkísà dé orí òwú pupa.

"Àkísà?" Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Hẹ̀n! Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní irú ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò gbọ́!" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Tẹ́ ò bá sọ ọ́, ilẹ̀ máa sọ ọ́."

Nígbà tí a tún lọ, ìyàwó mi mú síṣọ́ọ̀sì kékeré dání. Wọ́n pín àpò, ó mú tirẹ̀, ó gé òwú pupa náà níwájú gbogbo wọn, ó fa àkísà jáde. Ó kó wọn lé orí bẹ́ǹṣì: etí kóòtù, aṣọ inú búláòsì, àjákù kakí.

"Ha!" ni bíríkìlà wí. "Ta ló jí iyanrìn mi?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì gbé àpò òfìfo náà, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ìyá, àwọn tí ò lè gbé e gan-an ni mo torí wọn bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ọmọ mi ló ń bà mí lẹ́rù."

"Mo ti sọ fún ọmọ yín pé ẹ̀yin lẹ ṣíwájú."

"Má tún un sọ mọ́."

"Irọ́ ni n ò lè pa. Tí wọn ò bá bi mí, n ò ní pè wọ́n."

Ó bu iyanrìn sí i, ó mọ díẹ̀. Ìyẹn kéré sí ti gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi jáde, ó ń gbọ̀n bí ewé. Nọ́ọ̀sì ní iyanrìn náà ló tọ́ sí i.

Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà náà. Ìyàwó mi rán àpò mìíràn fún ilé, ó máa ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Itan ń dùn ún, inú sì ń bí i sí gbogbo nǹkan, títí kan èmi. Àràárọ̀ ló ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tó ń gbìyànjú àtidìde. Nígbà mìíràn ó máa ń dìde. Nígbà mìíràn Ìyá Oníbúrẹ́dì ni a máa ń ránṣẹ́ pè. Èmi a máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, n ó ká ọwọ́ mi sẹ́yìn kí n má baà fà á.

Òjò dá. Ọmọ wa dé. Ó jẹun, ó kó abọ́ kúrò, ó wá dúró.

"Ìyá mi."

"Mo mọ̀."

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀, níbi tó máa ń gé aṣọ sí. Ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi orúnkún lélẹ̀, ó di àga mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó dúró níbẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ọmọ na ọwọ́ sí i, mo di ọwọ́ náà mú.

"O ní láìsí ẹni tó fà á."

Ó padà jókòó.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Ìyá mi." Ohùn ọmọ náà ti wọlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti ṣe tán?"

Ó tún yí. Ó tún fi orúnkún lélẹ̀. Itan rẹ̀ gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó gbé e. Ó dìde. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fa búláòsì rẹ̀ kó tọ́.

"Àga lẹ dì mú," ni ọmọ wí.

"Ṣé ilé mi ò lága ni?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó. Ó sọ ti àkísà fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ náà nu ojú, ó ń wò ó.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fi dìde."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni."

"Tí ẹ̀ẹ̀kejì bá kọ̀ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọmọ náà ní òun yóò tún wá wò ó tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ó dá lọ.

Ìyàwó mi wà nídìí ẹ̀rọ nísinsìnyí, àpò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti bu iyanrìn kún un. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, mo máa ń gbé orí sókè. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀.